Ẹ̀wù Ogun Láti Inú Àwòrán: Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí Ojú Kì Í Tètè Rí

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a parí ẹ̀kọ́ kíkà àti kíkọ, àwọn mélòó kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dúró wo sinimá níwájú ìsọ̀ kan ní àdúgbò. Sinimá náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní « Le Seigneur des anneaux » ní èdè Faransé, ìyẹn « Olúwa àwọn Òrùka ». Ogun ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹṣin ń sáré, ọ̀kọ̀ ń fò, ẹ̀wù irin ń kọ mànà lára àwọn jagunjagun.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bàtà rírán, kò wo ojú àwọn òṣèré. Aṣọ ara wọn ni ó tẹjú mọ́. Ó yíjú sí mi, ó ní: « Olùkọ́, ṣé irin gidi ni ẹ̀wù wọ̀nyẹn? Bí ó bá jẹ́ irin, báwo ni wọ́n ṣe ń sáré nínú rẹ̀? Bí kò bá sì jẹ́ irin, ta ni ó ṣe é tí ó fi jọ irin báyìí? »

N kò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo lọ kà nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo kọ sí ojú ìwé yìí fún un, àti fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ yín jẹun: ẹ̀yin aránṣọ, aránbàtà, alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà àti ayàwòrán.

Ayé kan tí kò sí rí

Ẹni tí ó kọ ìtàn náà ni J. R. R. Tolkien, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni wọ́n bí i sí, ní ìlú Bloemfontein ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 1892, kí ìyá rẹ̀ tó mú un padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó ṣì kéré. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí ogun, nítorí ó wà lára àwọn ọmọ ogun tí ó jà ní ẹ̀bá odò Somme ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1916. Lẹ́yìn náà ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa èdè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Oxford. Ìwé rẹ̀ yìí jáde ní apá mẹ́ta láàárín ọdún 1954 sí 1955.

Ayé tí Tolkien kọ nípa rẹ̀ kò sí rí. Iwin wà níbẹ̀, aràrá wà níbẹ̀, igi ń sọ̀rọ̀, òkú ń jagun. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn « Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ », tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, yóò mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Kò sí ẹni tí ó lè ya fọ́tò ohun tí kò sí. Oníṣẹ́ ọnà ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọkàn rí i, kí ó tó fi ọwọ́ yà á sórí ìwé fún àwọn ẹlòmíràn.

Ọkùnrin méjì ni òkìkí wọn kàn jù nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí. Èkíní ni Alan Lee, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ya àwòrán sínú ìwé Tolkien tí wọ́n tún tẹ̀ ní ọdún 1991. Èkejì ni John Howe, ọmọ Kánádà, tí ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, tí ó sì fi orílẹ̀-èdè Switzerland ṣe ibùgbé.

John Howe ní ohun kan tí ó yà á sọ́tọ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀wù irin bí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, tí wọ́n sì máa ń gbé ìgbé ayé wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, nígbà tí ó bá ń ya ẹ̀wù ogun, kì í ṣe ojú nìkan ni ó fi ń yà á. Ó mọ ibi tí irin ti máa ń ha ènìyàn lábẹ́ apá. Ó mọ ibi tí okùn rẹ̀ ń so sí. Ó mọ bí ó ti ń rí láti tẹ̀ba nínú rẹ̀.

Nígbà tí Peter Jackson, olùdarí sinimá ọmọ ilẹ̀ New Zealand, fẹ́ sọ ìwé náà di sinimá, ó ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì wá sí ìlú Wellington kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya sinimá náà rárá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń yàwòrán. Láti orí tábìlì wọn ni iṣẹ́ ti kọjá sí ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ.

Ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ kòkòrò

Ilé iṣẹ́ tí ó gba iṣẹ́ náà ṣe ń jẹ́ Weta Workshop. Weta jẹ́ orúkọ kòkòrò ńlá kan ní New Zealand, tí ó fi ara jọ ìrẹ̀ tiwa. Richard Taylor àti ìyàwó rẹ̀, Tania Rodger, ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1987. Kò bẹ̀rẹ̀ ní ààfin. Yàrá ẹ̀yìn nínú ilé tí wọ́n ń gbé ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe ẹ̀wù ogun tí ó pọ̀ tó báyẹn? Ìdáhùn rẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè aránbàtà wa: irin ni, kì í sì í ṣe irin.

Àwọn alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ fi òòlù lu irin pẹlẹbẹ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi bá àyà, èjìká àti itan ènìyàn mu. Èyí ni ẹ̀wù àkọ́kọ́, òun ni ìyá. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ohun tí àwọn tí ń mọ búlọ́ọ̀kù mọ̀ dáadáa: wọ́n fi ìyá náà ṣe àpótí tí a ń da nǹkan sí. Rọ́bà olómi ni wọ́n dà sínú àpótí náà. Nígbà tí rọ́bà náà bá gan, wọn yóò yọ ọmọ jáde, ọmọ náà yóò sì gbé gbogbo àpá òòlù tí ó wà lára ìyá rẹ̀. Ayàwòrán ni yóò wá kùn ún títí tí ojú kò fi ní lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí irin.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Odidi ẹ̀wù irin, láti orí dé ẹsẹ̀, máa ń wúwo tó kílò 15 sí 25. Òṣèré tí yóò sáré láti àárọ̀ di alẹ́, tí yóò ṣubú tí yóò tún dìde, kò lè máa gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Rọ́bà fúyẹ́. Bí òṣèré méjì bá sì fara gbá ara wọn, rọ́bà kì í tètè ṣe ènìyàn léṣe.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ idà rí. Peter Lyon, alágbẹ̀dẹ idà ní ilé iṣẹ́ náà, fi irin gidi rọ idà àwọn olórí ìtàn. Idà irin yìí ni a ń rí nígbà tí ẹ̀rọ ayàwòrán bá súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà bá gbóná, èyí tí ó fúyẹ́ ni wọ́n ń fún òṣèré mú, tàbí èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi sọ àwọn ọmọ ogun tí ó wà ní òkèèrè di púpọ̀ bí eṣú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ojú ń rí ní tòsí, ènìyàn ni wọ́n, ohun tí wọ́n sì wọ̀, ọwọ́ ni a fi ṣe é.

Òrùka tí ó lé ní mílíọ̀nù 12

Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ẹ̀wù olórùka. Ní ayé àtijọ́, àwọn jagunjagun Yúróòpù máa ń wọ ẹ̀wù tí a fi òrùka irin kéékèèké ṣe, tí a so wọ́n kọ́ ara wọn bí àwọ̀n apẹja. Idà kì í tètè gé e. Ó sì máa ń tẹ̀ pẹ̀lú ara ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Irin yóò wúwo jù fún sinimá. Àwọn oníṣẹ́ Weta wá wo àyíká wọn, wọ́n sì rí ọ̀pá rọ́bà tí a fi ń fa omi wọ ilé. Wọ́n gé ọ̀pá náà sí wẹ́wẹ́, bí ẹni gé àlùbọ́sà, gígé kọ̀ọ̀kan sì di òrùka kan. Wọ́n la òrùka, wọ́n kì í bọ inú òrùka mìíràn, wọ́n tún pa á dé. Wọ́n ṣe èyí títí tí òrùka náà fi lé ní mílíọ̀nù 12. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní àwọ̀ irin.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí fi jókòó tì í. Richard Taylor ròyìn pé òrùka náà ha ìka àwọn méjì nínú wọn títí tí ilà orí ìka wọn fi parẹ́. Ilà tí a ń tẹ̀ sórí ìwé ìdánimọ̀, èyí tí Ọlọ́run fi ya ẹnì kan sọ́tọ̀ sí ẹlòmíràn, ni iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ẹgbàágbèje ènìyàn ni ó mọ ojú àwọn òṣèré sinimá náà. Ènìyàn mélòó ni ó mọ orúkọ àwọn tí wọ́n so òrùka? Orúkọ wọn kọjá ní ìparí sinimá, nígbà tí àwọn òǹwòran ti ń dìde lórí àga. Kì í ṣe ní New Zealand nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ìyàwó tí ó wọ aṣọ òkè tí ó rẹwà ni a ń yìn, a kì í sábà béèrè ẹni tí ó hun ún.

Ẹṣin tí ó wà ní inú ẹ̀wù ọba

Ọba kan wà nínú ìtàn náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Théoden. Ẹlẹ́ṣin ni àwọn ènìyàn rẹ̀. Bernard Hill ni òṣèré tí ó ṣe ọba náà. Òun ni ó ròyìn ohun tí ó rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìgbàyà fún un láti wọ̀. Ìgbàyà ni irin tí ó ń bo àyà. Ìta rẹ̀ kún fún ọnà, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ fún ọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yí i padà, ó rí i pé wọ́n fi awọ tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n sì tẹ ọnà ilẹ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin sára awọ náà.

Ẹ̀rọ ayàwòrán kò ní rí inú ìgbàyà láéláé. Òǹwòran kan kò ní rí i. Kí ni ó dé tí wọ́n ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀? Bernard Hill fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn. Nígbà tí ó gbé ìgbàyà náà wọ̀, ó ní òun mọ̀ ọ́n lára pé òun ti di ọba. Ẹni tí ó ṣe ọnà náà kò ṣe é fún ojú ayé. Ó ṣe é fún àyà ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin aránṣọ yóò tètè mọ ohun tí mo ń sọ. Oníbàárà máa ń wo ìta ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá aránṣọ mìíràn, bí ó bá gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ rẹ̀, inú ni yóò kọ́kọ́ yí síta. Ojú rírán inú ni ó ń sọ irú ẹni tí aránṣọ jẹ́.

Ní ọdún 2004, wọ́n fún Ngila Dickson àti Richard Taylor ní ẹ̀bùn Oscar fún aṣọ inú sinimá kẹta nínú ìtàn yìí. Ẹ̀bùn 11 ni sinimá náà gbà ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn tí ń ṣe é nínú ilé

Ẹ má rò pé àwọn onísinimá nìkan ni ó ń ṣe irú ẹ̀wù yìí. Káàkiri ayé, àwọn ènìyàn bíi tiwa, tí wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, máa ń jókòó nínú yàrá wọn láti sọ àwòrán di ẹ̀wù.

Ní ọdún 1939, àwọn tí ó fẹ́ràn ìtàn àròsọ nípa ọjọ́ iwájú pàdé ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà. Obìnrin kan, Myrtle Douglas, rán aṣọ méjì, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Forrest Ackerman. Àwòrán tí Frank R. Paul máa ń yà sínú ìwé ìròyìn ìtàn àròsọ wà lára ohun tí ó wò rán an. Àwọn méjì nìkan ni wọ́n wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn ti ń fara wé wọn.

Láti ìgbà náà, àṣà náà ti gbilẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, oníròyìn ará Japan kan, Nobuyuki Takahashi, sọ ọ́ ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é lónìí: cosplay. Láti ọdún 2003, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè máa ń péjọ ní ìlú Nagoya, ní Japan, lọ́dọọdún. Ní Jámánì, Svetlana Quindt, tí wọ́n ń pè ní Kamui, ti kọ ìwé tí ó fi ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń ṣe ẹ̀wù ogun. Iṣẹ́ ọwọ́ tí a bá kọ sílẹ̀ kì í bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ sí ibojì.

Ohun tí ó sì pọ̀ jù tí wọ́n fi ń ṣe é kò ṣàjèjì sí aránbàtà wa. Fóòmù ni, irú èyí tí a fi ń ṣe ìsàlẹ̀ sálúbàtà. Ó fúyẹ́, ó rọ̀ láti gé, kì í mu omi. Bí iná bá kàn án díẹ̀, ó máa ń rọ̀. Bí ó bá sì tutù, ó máa ń dúró bí a ti tẹ̀ ẹ́.

Bí a ti ń ṣe ìgbàyà

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé iṣẹ́ náà ní ìṣísẹ̀ ní ìṣísẹ̀.

Èkíní ni ìwọ̀n. Ẹni tí yóò wọ ẹ̀wù náà á dúró, wọn á fi ọ̀rá tínrín we àyà rẹ̀ lórí aṣọ, wọn á sì lẹ ìwé alátè mọ́ ọn yíká. Kò gbọdọ̀ fún un ní èémí. Lórí èyí ni wọn ó ti fi bírò ya ẹ̀wù náà bí ó ti wà nínú àwòrán. Wọn á rọra fi sáàsì la ẹ̀yìn rẹ̀, wọn á bọ́ ọ, wọn á sì gé e sí apá apá ní ojú ilà.

Èkejì ni àmì. Kí a tó gé e, a gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sára apá kọ̀ọ̀kan: òsì tàbí ọ̀tún, òkè tàbí ìsàlẹ̀, àti nọ́ńbà. A óò tún fa ilà kékeré sí ibi tí apá kan yóò ti pàdé èkejì. Iṣẹ́ tí ó ní ogún apá, tí a kò kọ nǹkan sí, yóò di ìdàrúdàpọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i lórí tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kọ, ẹ rí i pé lẹ́tà kan péré lè gba iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan là.

Ẹ̀kẹta ni gígé. A ó da àwòrán apá kọ̀ọ̀kan kọ sórí páálí, láti orí páálí sórí fóòmù. Fóòmù tí ó nípọn tó mílímítà 5 sí 10 ni ó dára fún àyà; èyí tí ó tó mílímítà 2 ni a fi ń ṣe ọnà. Abẹ tí ó mú gan-an ni a ń lò. Abẹ tí ó kú máa ń ya fóòmù jágajàga, òun náà ni ó sì máa ń yọ̀ gé ọwọ́, nítorí pé agbára ni a fi ń tì í.

Ẹ̀kẹrin ni iná. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná ni wọ́n ń lò, kì í ṣe iná tí ó ń jó lala. Nígbà tí ojú fóòmù bá ń dán, ó ti tó. A ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún tàbí mọ́ ìkòkò, a ó dì í mú títí tí yóò fi tutù.

Ẹ̀karùn-ún ni àtè. Àtè aránbàtà ni. A ó fi í pa ojú méjèèjì tí yóò pàdé, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A ó wá dúró, bí ìṣẹ́jú 10, títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Nígbà náà ni a ó tó pa wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá ti fara kanra, ó parí. Kò sí àtúnṣe. Ẹni tí ó bá kánjú, tí ó pa wọ́n pọ̀ nígbà tí àtè ṣì tutù, yóò rí i tí ojú ìsopọ̀ náà là.

Ẹ̀kẹfà ni kíkùn. Fóòmù ní ihò wẹ́wẹ́ tí ó máa ń mu ọ̀dà. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ fi àtè funfun àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, tí a fi omi díẹ̀ là, pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dà dúdú ni yóò tẹ̀ lé e. Lórí dúdú yìí ni a ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fa ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kọjá. Ibi tí ó yọ síta nìkan ni yóò mu ún. Inú kòtò yóò ṣókùnkùn, ojú yóò sì pè é ní irin tí ó ti rí ogun.

Ìkeje ni wíwọ̀. Ẹ̀wù tí a kò lè tẹ̀ba nínú rẹ̀, ère ni. Ní èjìká àti ní ìgbọ̀nwọ́, apá kan gbọ́dọ̀ gun orí èkejì bí ìpẹ́ ẹja, kí ara lè yí. Awọ ni a fi ń so ó, a sì ń fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ ibi tí yóò ti ha ara.

Ewu tí ó wà nínú rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kan aránbàtà, àga títẹ́ àti ẹnikẹ́ni tí ń lo àtè yìí, yálà ó fẹ́ ṣe ẹ̀wù ogun tàbí kò fẹ́. Òórùn àtè náà kì í ṣe òórùn lásán. Ọ̀pọ̀ nínú irú àtè bẹ́ẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní toluène nínú. Ó máa ń fa orí fífọ́ àti òòyì. Bí ènìyàn bá ń fà á símú lọ́dọọdún, ó ń ba ọpọlọ àti iṣan ara jẹ́. Ó léwu fún aboyún àti fún ọmọ inú rẹ̀. Ó sì máa ń tètè gbiná.

Nítorí náà, ìta gbangba ni kí a ti máa lò ó, tàbí nínú ìsọ̀ tí fèrèsé méjì ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Kí fìtílà, sìgá àti àdògán iná jìnnà sí i. Kí a dé ìdérí agolo ní kété tí a bá ti bù ú tán. Ẹ má sì jẹ́ kí ìbòmú aláṣọ tàn yín jẹ. Ó lè dí eruku lọ́nà, ṣùgbọ́n òórùn àtè ń gba inú rẹ̀ kọjá bí omi ti ń gba inú asẹ́ kọjá. Ìbòmú tí ó ní asẹ́ èédú ni ó lè dá a dúró.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: « Ó pẹ́ tí a ti ń lò ó, kò sì pa wá. » Ẹ bi ara yín léèrè bóyá orí kì í fọ́ yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ẹ wo ọmọ iṣẹ́ tí ó jókòó sí ẹ̀bá agolo náà láti àárọ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ẹ rò pé oorun ni ó ń kùn ún. Àwọn tí ń fi àtè yìí ṣeré ní òkè òkun máa ń wọ ìbòmú. Ẹni tí ó fi ń jẹun ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù.

Ohun kan tún kù. Fóòmù kì í jẹ́ kí ara mí. Nínú oòrùn wa, ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ máa mu omi, kí ó sì máa bọ́ ọ láti sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ẹ̀wù náà sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Iná ni ó fún un ní ìrísí rẹ̀. Ooru lè gba ìrísí náà padà.

Irọ́ ni, àbí òótọ́?

Ìbéèrè kan wà tí mo mọ̀ pé ẹ óò béèrè. Kí ni èrè ẹ̀wù ogun tí kò lè dá ọfà dúró, fún ogun tí kò sí, láti inú ìlú tí kò sí?

Àwa ará Kétu, Ṣábẹ̀ àti Pọ́tònófò kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìdáhùn rẹ̀ kiri. Ní ọdún 2001, ọdún kan náà tí sinimá àkọ́kọ́ nínú ìtàn Tolkien jáde, ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Kí ni agbẹ́gilére ń ṣe nígbà tí ó bá ń gbẹ́ igi fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Ó ń fi ọkàn rí ohun tí ojú kò tí ì rí. Ó ń gbẹ́ ẹ títí tí yóò fi jókòó lórí ènìyàn, tí ẹni náà yóò sì lè jó lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń bi í pé ejò orí igi náà lè ṣán ni bí. Ẹwà rẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ ìlú, ti tó èrè.

Iṣẹ́ ọwọ́ kò pa irọ́. Ìtàn lè jẹ́ àròsọ, irin lè jẹ́ rọ́bà, ṣùgbọ́n gígé tí ó tọ́ tọ́, gígé tí ó wọ́ wọ́. Òrùka tí ó lé ní mílíọ̀nù 12 kì í ṣe àròsọ. Ilà ìka tí ó parẹ́ kì í ṣe àròsọ.

Mo padà lọ bá aránbàtà wa, mo sì ka ohun tí mo kọ fún un. Ó fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé ibi ọnà tí ó wà ní inú ìgbàyà ọba, ó rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà kan tí ó ń rán lọ́wọ́ kúrò lórí kàlìbà rẹ̀, ó sì nà án sí mi. Lábẹ́ awọ ìtẹ́dìí rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ oníbàárà yóò bò mọ́lẹ̀, ó ti fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pé.

« Olùkọ́, » ni ó wí, « láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n kọ, kò sí bàtà tí ó jáde níbí láìní i. »